Bí ẹ ṣe lè gbé Postfix tó ṣì ń bọ̀ lọ́nà sínú láàbù yín láì jẹ́ kí lẹ́tà kankan jáde síta

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ iṣẹ́ sáfà, pẹ̀lú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bójú tó sáfà ímeèlì níbi iṣẹ́ yín, ẹ sún mọ́ bí. Kò sí bí ẹ̀dà tuntun sọ́fúwíà ímeèlì ṣe máa jáde tí nǹkan kan ò ní yí padà nínú ẹ̀, ó lè jẹ́ sẹ́tíńgì kékeré báyìí, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń kọ sínú lọ́ọ̀gì, tó bá wá jẹ́ pé ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé e sórí sáfà ọ́fíìsì lẹ tó mọ̀, ariwo "lẹ́tà mi ò wọlé" lẹ máa gbọ́ kílẹ̀ tó ṣú. Èmi gbà pé kéèyàn ti pàdé ẹ̀dà tuntun nínú láàbù kó tó dé, kó yẹ̀ ẹ́ wò tìdí tọrí, kó bà á jẹ́ tó bá wù ú, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀ ọ́n lára.

Postfix, sọ́fúwíà tó ń sọ kọ̀ǹpútà di sáfà ímeèlì, ni mo mú fún ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù ẹ̀ wà ní gbangba, kò sì béèrè ẹ̀rọ ńlá, láptọ́ọ̀pù tó ní RAM 4GB á gbé e láì mí hẹlẹ. Wietse Venema ló kọ ọ́ nígbà tó wà ní IBM ní Amẹ́ríkà, ọdún 1998 ló jáde fún aráyé, sáfà tó ń lò ó lónìí pọ̀ káàkiri ayé, torí náà ohun tẹ́ ẹ bá kọ́ níbẹ̀ ò ní ṣòfò.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tẹ́ ẹ fẹ́ mú

Oríṣi mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ti dúró, nọ́ńbà mẹ́ta ló máa ń ní, bíi 3.9.1, òun làwọn iléeṣẹ́ ń lò. Ìkejì ni wọ́n ń pè ní experimental, nọ́ńbà ẹ̀dà tó ń bọ̀ ló máa ṣáájú, déètì á tẹ̀ lé e, ọdún, oṣù, ọjọ́, gbogbo ẹ̀ lẹ̀ pọ̀, báyìí: 3.X-YYYYMMDD. Ìkẹta ni èyí tí wọ́n fi nonprod sídìí orúkọ ẹ̀, ìyẹn ò tíì jinná rárá.

Experimental la máa lò. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín, kóòdù inú ẹ̀ kì í ṣe jákujàku, ohun tó lè yí padà kó tó di ẹ̀dà tó dúró ni orúkọ àwọn sẹ́tíńgì tuntun àti bí wọ́n ṣe ń lò wọ́n. Ẹ sì mọ èyí náà: tí wọ́n bá rí àléébù nínú ẹ̀dà onídéètì, wọn kì í lẹ nǹkan mọ́ ọn lára, òmíràn tó ní déètì tuntun ni wọ́n máa gbé jáde, ẹ̀yin náà á gbé tuntun yẹn.

Ẹ lè ní kí ló wá lè yí padà tó fi tó báyìí. Nígbà tí 3.6 jáde ní 2021, àwọn ọ̀rọ̀ kan tí postscreen, apá Postfix tó ń yẹ àwọn tó ń pè é wò, ń kọ sínú lọ́ọ̀gì yí padà, WHITELISTED di ALLOWLISTED fún ẹni tó bá gbé compatibility_level ẹ̀ (sẹ́tíńgì tó ń sọ ẹ̀dà tí Postfix máa hùwà bíi tiẹ̀) dé 3.6. Ẹni tó ti kọ skíríìpù tó ń wá ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn, skíríìpù ẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan, kò kàn ní rí nǹkan kan mọ́ ni. Tún ẹ wo ti December 2023, nígbà táwọn oníwàdìí gbé ọ̀rọ̀ SMTP smuggling jáde (SMTP ni èdè táwọn sáfà ímeèlì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀), pé èèyàn lè fi ọgbọ́n bí wọ́n ṣe ń parí ìlà ti lẹ́tà ayédèrú mọ́ inú lẹ́tà gidi, Postfix 3.9 tó jáde ní 2024 wá tan ààbò ẹ̀ sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Ìyẹn dáa gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àtijọ́ tí kì í parí lẹ́tà bó ṣe yẹ, irú ẹ̀rọ skánà tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ nínú ọ́fíìsì, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀. Ẹni tó bá ti dán an wò nínú láàbù ti mọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. A máa rí i lójú ara wa nísàlẹ̀.

Láàbù fúnra ẹ̀

Ẹ gbé VirtualBox sórí láptọ́ọ̀pù yín, ẹ dá kọ̀ǹpútà kan sílẹ̀ nínú ẹ̀, RAM 1GB tó, dísìkì 10GB tó, ẹ fi Debian 12 sí i. Netinst ni kẹ́ ẹ dáúnlóòdù torí dátà. Nígbà tó bá béèrè ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kó gbé wọlé, ẹ yọ desktop kúrò, ẹ fi SSH server àti standard system utilities sílẹ̀, ó parí. Ẹ pe orúkọ ẹ̀ ní mail1, kí dòménì ẹ̀ jẹ́ lab.test.

Ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ .test yìí o. Mo máa ń rí àwọn tó ń fi orúkọ iléeṣẹ́ wọn tàbí orúkọ kan ṣáá tó parí sí .com sínú láàbù, orúkọ yẹn lè jẹ́ ti ẹnì kan gidi níbòmíì, lẹ́tà ìdánwò yín á wá lọ kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. RFC 2606, ọ̀kan lára àwọn ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, ti ya .test sọ́tọ̀ fún ìdánwò láti 1999, kò sẹ́ni tó lè rà á láéláé, bẹ́ẹ̀ náà ni example.com.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì lẹ máa fún un. Adapter 1 jẹ́ NAT, ká lè rí íntánẹ́ẹ̀tì fi dáúnlóòdù, Adapter 2 jẹ́ Host-only, kí láptọ́ọ̀pù yín lè máa bá a sọ̀rọ̀. Tá a bá dáúnlóòdù tán, a máa fa okùn NAT yọ pátápátá. Nínú Debian, ẹ ṣí /etc/network/interfaces kẹ́ ẹ fi èyí kún un:

allow-hotplug enp0s8
iface enp0s8 inet static
    address 192.168.56.11/24

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ip a bóyá enp0s8 ló ń jẹ́ lọ́dọ̀ yín lóòótọ́. Tẹ́ ẹ bá tún un tàn, ẹ ti lè fi SSH wọlé láti orí láptọ́ọ̀pù, kíkọ nǹkan á sì rọrùn ju ojú fèrèsé dúdú yẹn lọ.

Kọ́mándì tí mo bá fi # síwájú ẹ̀, root ló ń tẹ̀ ẹ́ (su - lẹ máa fi débẹ̀), èyí tí $ wà níwájú ẹ̀, èèyàn lásán ni.

# apt update
# apt install build-essential m4 pkg-config libdb-dev libssl-dev libicu-dev gnupg wget netcat-openbsd

Lẹ́yìn náà ẹ wò ó bóyá prógíráàmù kan ti jókòó sórí pọ́ọ̀tù 25, ilẹ̀kùn tí sáfà ímeèlì fi ń gba lẹ́tà:

# ss -ltnp | grep ':25 '

Tí kò bá mú nǹkan kan jáde, ọ̀nà mọ́. Tó bá jẹ́ exim4 ló yọjú, ẹ fi apt purge yọ ọ́ kúrò, sáfà ímeèlì méjì ò lè jókòó sórí àga kan náà.

Ibi tá a dé yìí, ẹ pa VM (kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ dá sílẹ̀ nínú VirtualBox yẹn), kẹ́ ẹ mú snapshot ẹ̀, ìyẹn ẹ̀dà bó ṣe wà báyìí tẹ́ ẹ lè padà sí, ẹ pè é ní "ko-si-postfix". Ẹ má fo ibí yìí, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń gbé níbi tí iná ti ń lọ láì sọ fúnni, bí láptọ́ọ̀pù bá kú lójijì láàárín iṣẹ́, dísìkì VM lè bàjẹ́, ẹ kàn máa padà síbí ni, ẹ ò ní tún Debian gbé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Gbígbé kóòdù wọlé

Ẹ lọ sórí postfix.org, ẹ mú ọ̀kan lára àwọn ibi tí wọ́n to kóòdù sí, ẹ dáúnlóòdù nǹkan mẹ́ta: fáìlì tar.gz ti experimental, fáìlì kékeré tó ní .gpg2 nídìí tó bá a rìn, àti kọ́kọ́rọ́ tó ń jẹ́ wietse.pgp. Ẹ ṣe báyìí, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà àti déètì ti fáìlì yín rọ́pò 3.X-YYYYMMDD:

$ gpg --import wietse.pgp
$ gpg --verify postfix-3.X-YYYYMMDD.tar.gz.gpg2 postfix-3.X-YYYYMMDD.tar.gz

Good signature lẹ gbọ́dọ̀ rí. Ó máa fi ìkìlọ̀ kan sí i pé òun ò mọ̀ bóyá kọ́kọ́rọ́ náà ṣeé fọkàn tán, ìyẹn ò pa yín lára, ẹ ò tíì sọ fún gpg pé ẹ mọ ẹni yẹn ni. Ṣùgbọ́n tó bá kọ BAD signature, ẹ pa fáìlì náà rẹ́, ẹ lọ mú òmíràn. Èèyàn kan lè ní láàbù lásán ṣebí ni, kí ló dé tí mo ń yẹ ìbuwọ́lùwé wò. Root ló máa gbé prógíráàmù yìí sórí ẹ̀rọ yín, ẹ̀rọ yẹn sì wà nínú láptọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ fi ń wọ báńkì.

$ tar xzf postfix-3.X-YYYYMMDD.tar.gz
$ cd postfix-3.X-YYYYMMDD
$ less RELEASE_NOTES

Ẹ jókòó ti RELEASE_NOTES yìí dáadáa. Gbogbo àyípadà ló ní àmì níwájú, [Feature] pẹ̀lú déètì fún nǹkan tuntun, [Incompat] pẹ̀lú déètì fún nǹkan tó lè ba ti tẹ́lẹ̀ jẹ́. [Incompat] ni kẹ́ ẹ wá lákọ̀ọ́kọ́. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti ẹ̀dà tó ti pẹ́, ẹ máa rí RELEASE_NOTES-3.8, RELEASE_NOTES-3.9 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ nínú fọ́dà yẹn kan náà, ẹ ka gbogbo èyí tó wà láàárín tiyín àti tuntun. Ẹ mú bírò àti ìwé, ẹ kọ àwọn tó kan sáfà yín sílẹ̀, torí àwọn yẹn gan-an la fẹ́ dán wò.

Kíkọ́ ọ àti gbígbé e sórí ẹ̀rọ

Postfix fẹ́ orúkọ kan tí ò lè wọlé sórí ẹ̀rọ, àti ẹgbẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sí nínú ẹ̀:

# groupadd -r postfix
# groupadd -r postdrop
# useradd -r -g postfix -d /no/where -s /usr/sbin/nologin postfix

Postdrop yẹn, ẹ má fi ẹnikẹ́ni sínú ẹ̀, ì báà jẹ́ postfix fúnra ẹ̀. Òun ló ń ṣọ́ ibi tí lẹ́tà ti ń kọ́kọ́ wọlé.

Ní báyìí kẹ́ ẹ kúrò ní root, èèyàn lásán ló ń kọ́ kóòdù, ìyẹn sísọ ọ́ di prógíráàmù tó ṣeé lò:

$ make makefiles CCARGS="-DUSE_TLS -DNO_NIS" AUXLIBS="-lssl -lcrypto"
$ make

USE_TLS ló ń jẹ́ kó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀rọ̀ tó ń kọjá. NO_NIS, mo fi síbẹ̀ torí pé lórí àwọn Linux tuntun kan, tí kò bá sí níbẹ̀, make máa dúró lójijì, á ní òun ò rí rpcsvc/ypclnt.h, ọ̀pọ̀ èèyàn ti rò pé kóòdù ló bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ NIS, ètò àtijọ́ táwọn kọ̀ǹpútà fi ń pín àkọsílẹ̀ àwọn tó ń lò wọ́n, tí wọn ò lò láyé wọn ló ń béèrè. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí nǹkan padà nínú ìlà make makefiles yẹn, ẹ kọ́kọ́ tẹ make tidy kẹ́ ẹ tó tún un ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ti àná á dà pọ̀ mọ́ tòní.

Ẹ tún máa ṣọ́ nǹkan tó ń kọjá lójú yín nígbà tí make makefiles bá ń ṣiṣẹ́. Tó bá sọ pé òun ò rí ICU, pé òun á kọ́ ọ láìsí SMTPUTF8, ẹ dúró, ẹ padà lọ gbé libicu-dev àti pkg-config wọlé. A nílò ẹ̀ láti fi dán àdírẹ́ẹ̀sì oní-Yorùbá wò.

# make install

Ó máa bi yín ní ìbéèrè bíi mélòó kan, ibo ni kó kó sẹ́tíńgì sí, ibo ni kó kó àwọn prógíráàmù sí, ta ló ni lẹ́tà. Ẹ máa tẹ Enter lọ, ìdáhùn tó fi síbẹ̀ dáa. Tó bá tán:

# postconf mail_version mail_release_date

Nọ́ńbà àti déètì tó bá kọ gbọ́dọ̀ bá orúkọ fáìlì tẹ́ ẹ dáúnlóòdù mu. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, a ti gbé e sórí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ẹ má tíì tàn án.

Ẹ mọ ògiri yí i ká kẹ́ ẹ tó tàn án

Ibí yìí ló wà lọ́kàn mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Sáfà ímeèlì, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó gbé lẹ́tà jáde, ẹ ò ní rán an létí kó tó ṣe é. Tẹ́ ẹ bá kó àkọsílẹ̀ kọ́sítọ́mà gidi wọ láàbù láti fi dán nǹkan wò, tí lẹ́tà ẹgbẹ̀rún kan sì bọ́ síta, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa pè é padà. Torí náà ògiri méjì la máa mọ.

Àkọ́kọ́, ẹ lọ sínú VirtualBox, Settings, Network, Adapter 1, kẹ́ ẹ yọ àmì lórí Cable Connected. Ó tán, VM yìí ò mọ ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì mọ́.

Ìkejì, Postfix fúnra ẹ̀ la máa sọ fún pé dòménì tí kì í bá ṣe ti láàbù, kó dá lẹ́tà ẹ̀ padà:

# postconf -e 'myhostname = mail1.lab.test'
# postconf -e 'mydomain = lab.test'
# postconf -e 'mydestination = $myhostname, localhost, $mydomain'
# postconf -e 'mynetworks = 127.0.0.0/8'
# postconf -e 'inet_protocols = ipv4'
# postconf -e 'default_transport = error:laabu ni o, leta ko gbodo jade'
# postconf -e 'smtpd_peername_lookup = no'
# postconf -e 'home_mailbox = Maildir/'
# postconf -e 'alias_maps = hash:/etc/aliases'
# postconf -e 'alias_database = hash:/etc/aliases'
# postconf -e 'maillog_file = /var/log/postfix.log'

default_transport ni ògiri kejì yẹn. Bí ẹnì kan bá tiẹ̀ gbàgbé tó dá okùn NAT padà lọ́jọ́ kan, lẹ́tà ò ní kọjá. smtpd_peername_lookup, mo pa á torí pé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, DNS tí ẹ̀rọ fi ń wá orúkọ ẹ̀rọ míì ò sí, Postfix á wá máa wá orúkọ ẹni tó pè é kiri kó tó dá a lóhùn, ẹ máa rò pé ó ti kú. Kẹ́ ẹ má mú sẹ́tíńgì yìí lọ sórí sáfà gidi o, níbẹ̀ orúkọ ẹni tó ń pè wúlò.

maillog_file náà ṣe pàtàkì. Debian 12 tuntun kì í dá /var/log/mail.log sílẹ̀ mọ́, journald ló ń gba gbogbo ẹ̀, Postfix láti 3.4 sì ti lè kọ lọ́ọ̀gì ẹ̀ sí fáìlì fúnra ẹ̀. Ó rọrùn láti máa wo ojú kan.

# adduser ola
# printf 'postmaster: root\nroot: ola\n' > /etc/aliases
# newaliases
# postfix check
# postfix start

postfix check kì í sọ̀rọ̀ tí nǹkan bá dáa. Ẹ pa VM, ẹ mú snapshot kejì, ẹ pè é ní "postfix-ti-jokoo". Ẹ rántí pé èyí tá a kọ́ fúnra wa ò ní dìde fúnra ẹ̀ tí VM bá tún tàn, ẹ máa tẹ postfix start.

Ẹ dán ògiri yẹn wò kẹ́ ẹ tó dán nǹkan míì wò. Ẹ ṣí fèrèsé SSH méjì, kí ọ̀kan máa wo lọ́ọ̀gì:

# tail -f /var/log/postfix.log

Nínú èkejì:

$ printf 'Subject: ogiri\n\nse o n jade?\n' | /usr/sbin/sendmail enikan@example.com

Ìlà tẹ́ ẹ máa rí nínú lọ́ọ̀gì á ní to=<enikan@example.com>, relay=none, nígbẹ̀yìn ẹ̀ á kọ status=bounced pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tá a kọ yẹn, laabu ni o, leta ko gbodo jade. Relay=none yẹn ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́, ó túmọ̀ sí pé kò kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá rí connect to tàbí status=deferred níbẹ̀, ògiri kejì ò sí, ẹ padà lọ wo default_transport.

Lẹ́tà gidi, láti ọwọ́

Ẹ clone VM yìí, ẹ pe ìkejì ní mail2, ẹ jẹ́ kí VirtualBox fún un ní MAC tuntun, ẹ yí àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀ sí 192.168.56.12. Láti orí mail2, ẹ fi ọwọ́ bá mail1 sọ̀rọ̀:

$ nc -C 192.168.56.11 25

Mail1 á sọ 220. Ẹ tẹ EHLO mail2.lab.test, á ka gbogbo ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe fún yín, ẹ wò ó bóyá SMTPUTF8 wà níbẹ̀. Ẹ tẹ MAIL FROM:<bola@lab.test>, á dáhùn 250. RCPT TO:<ola@lab.test>, 250. DATA, á sọ 354. Ẹ wá kọ Subject, ẹ fi ìlà òfo kan sílẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà yín, ẹ tẹ àmì ìdánudúró kan ṣoṣo lórí ìlà tiẹ̀, Enter. 250, lẹ́tà ti wọlé. QUIT. Lórí mail1, lọ́ọ̀gì á sọ relay=local, status=sent (delivered to maildir), lẹ́tà náà á sì wà nínú /home/ola/Maildir/new.

Ẹ tún un ṣe, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ẹ yọ -C kúrò. Gbogbo ẹ̀ á máa lọ dáadáa títí dé DATA, ẹ máa kọ lẹ́tà yín, ẹ máa tẹ àmì ìdánudúró yẹn, Enter, kò ní dá yín lóhùn. Ẹ tún un tẹ̀, kò ní dá yín lóhùn. Kò bàjẹ́ o. -C ló ń jẹ́ kí nc parí ìlà bí òfin SMTP ṣe ní kí wọ́n máa parí ẹ̀, ẹ ti yọ ọ́, Postfix láti 3.9 sì ti kọ̀ láti gbà pé lẹ́tà ti parí bí wọn ò bá parí ẹ̀ lọ́nà òfin. Ohun tí mo sọ nípa ẹ̀rọ skánà lókè, òun lẹ ń wò yìí. Ẹ kọ́ nǹkan kan níbẹ̀ síwájú sí i: láti orí mail1 fúnra ẹ̀, tẹ́ ẹ bá pe 127.0.0.1 láìsí -C, á gbà á, torí pé àwọn tó wà nínú mynetworks ni wọ́n yọ̀ǹda fún láìwo tìyẹn. Ìdí tí mo fi jẹ́ kí mynetworks mọ sí 127.0.0.0/8 nìyẹn, ká bàa lè rí ìyàtọ̀.

Àdírẹ́ẹ̀sì tó ní àmì ohùn

Láti Postfix 3.0 tó jáde ní 2015 ni àdírẹ́ẹ̀sì tí kì í ṣe lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nìkan ti ń kọjá, Gmail náà ti ń gbà á láti 2014. Síbẹ̀ mélòó nínú wa ló ti rí ọlá@ rí? Láàbù yìí làyè ẹ̀.

Adduser Debian ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ kàn fi ọlá dá èèyàn sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, nítorí náà orúkọ míì la máa fi fún ola:

# postconf -e 'virtual_alias_maps = hash:/etc/postfix/virtual'
# echo 'ọlá@lab.test ola' > /etc/postfix/virtual
# postmap /etc/postfix/virtual
# postfix reload
# printf 'Subject: idanwo\n\nẸ kú iṣẹ́ o.\n' | sendmail ọlá@lab.test

Tí lọ́ọ̀gì bá ń kìlọ̀ pé smtputf8_enable is true, but EAI support is not compiled in, ICU ni ò sí nígbà tẹ́ ẹ ń kọ́ ọ, ẹ padà sí make tidy.

Ṣùgbọ́n tó bá ní òun ò mọ ọlá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ ń fojú rí i nínú fáìlì yẹn, ẹ tẹ́tí. Á tó ní àmì yìí, ọ̀nà méjì ni kíbọ́ọ̀dù lè gbà kọ ọ́: bíi lẹ́tà kan ṣoṣo tó ti ní àmì lórí, tàbí a lásán tí àmì wá gùn lẹ́yìn. Ọ tó ní àmì nísàlẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ kọ lẹ́tà ọ yẹn tó tún ní àmì ohùn lórí, kò tiẹ̀ sí lẹ́tà kan ṣoṣo tó dúró fún un, àwọn àmì yẹn á kàn máa gùn ún ni. Lójú tiwa bákan náà ni gbogbo ẹ̀, lójú Postfix ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Fóònù lè kọ ọ́ lọ́nà kan, láptọ́ọ̀pù lọ́nà míì, lẹ́tà ò wá ní rí onílé. Ẹ rí ohun tó wà nínú ẹ̀ báyìí:

$ printf 'á' | od -An -tx1

c3 a1 ni tó bá jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, 61 cc 81 ni tó bá jẹ́ àmì ló gùn ún. Ẹ kọ àwọn ọ̀nà tó bá wọ́pọ̀ sínú /etc/postfix/virtual, ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wọn lọ sọ́dọ̀ ola, ẹ tún postmap ṣe. Ó wù mí gan-an káwọn ọmọ wa tó wà nídìí iṣẹ́ yìí máa dán ibí yìí wò dáadáa, torí ẹni tí ò bá lo èdè wa ò lè mọ̀ pé ìṣòro wà níbẹ̀.

Nígbà tí òmíràn bá jáde

Ẹ má yọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú iye tí gbogbo sẹ́tíńgì jẹ́ fúnra wọn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n:

# postconf -d > /root/atijo.txt

Ẹ dá okùn NAT padà fún ìgbà díẹ̀, ẹ dáúnlóòdù, ẹ yọ ọ́, ẹ tú kóòdù tuntun, ẹ ṣe make makefiles àti make bíi ti àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà:

# postfix stop
# make upgrade
# postfix start
# postconf -d > /root/tuntun.txt
# diff /root/atijo.txt /root/tuntun.txt

Make upgrade ò ní bi yín ní ìbéèrè kankan, ó ti mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà, kò sì ní pa ohun tẹ́ ẹ kọ sínú main.cf, fáìlì sẹ́tíńgì Postfix, rẹ́. Ìlà tí diff bá mú jáde, ọ̀wọ́n ni: gbogbo sẹ́tíńgì tó yí padà láì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ yí i ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn tuntun. Mail_version àti mail_release_date máa wà lára wọn, ẹ fò wọ́n. Àwọn yòókù, ẹ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ wá wọn nínú RELEASE_NOTES, ẹ wò ó bóyá sáfà ọ́fíìsì yín gbára lé èyí tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ lè tẹ postconf -d lórí sáfà ọ́fíìsì náà kẹ́ ẹ fi ṣe diff pẹ̀lú ti láàbù, kíkà lásán ni, kò ní ba nǹkan kan jẹ́.

Ìwé tẹ́ ẹ bá kọ àwọn ìlà yẹn sí, ẹ fi pamọ́ sí ibi tí ẹni tó máa gbé ẹ̀dà gidi sórí sáfà lọ́jọ́ iwájú ti máa rí i, kẹ́ ẹ sì kọ déètì ẹ̀dà tẹ́ ẹ fi dán an wò sórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán, ẹ padà sí "ko-si-postfix", kẹ́ ẹ pa àwọn lẹ́tà ìdánwò rẹ́ tó bá jẹ́ pé àdírẹ́ẹ̀sì kọ́sítọ́mà gidi wà nínú wọn.